Ẹ̀jẹ̀ Ẹnì Kan, Káàdì Méje

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bí mi nínú láyé yìí, pàápàá àwọn tó ń po símẹ́ǹtì láìwọn omi, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó bí mi nínú tó bí mo ṣe bí ara mi nínú nítorí káàdì kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Bíríkìlà ni mí. Ọ̀nà Ìkirè ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n Ajah ni mo ti di géńdé, láwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹsipírẹ́ẹ̀sì tó lọ láti Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, tó jẹ́ pé eruku lèèyàn ń kọ́kọ́ jẹ láàárọ̀ kó tó jẹun. Ilé alájà mẹ́rin kan là ń kọ́ nígbà náà, kò jìnnà sí ẹ́síteètì VGC. Àwọn alábàárù ń wá, wọ́n ń lọ, àmọ́ àwa méje la dúró síbẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Kọngílá wa fẹ́ràn ìwé ju búlọ́ọ̀kù lọ. Lọ́jọ́ kan ó dé, ó ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ara, kí wọ́n lè fún wa ní káàdì tí a ó máa fi wọ sáìtì. Ó yọ fọ́ọ̀mù kan jáde. Mo fura pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún ọmọ ẹ̀ ní yunifásítì ló lọ ṣe ẹ̀dà ẹ̀, nítorí ó bi wá bóyá inú ọgbà la máa sùn tàbí ìta ọgbà. Ó béèrè ojú, ó béèrè etí, ó béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní, ó sì béèrè jẹ́notáìpù. Ọ̀kan nínú wa tó ń tẹ irin bi í pé kí ni jẹ́notáìpù kàn nínú irin títẹ̀. Kọngílá ní òun ò bá òpè jiyàn.

Ọjọ́ tí onílàábù wá ni ọjọ́ tí a ń da kọnkéré àjà kejì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé èèyàn kì í dá kọnkéré dúró láàárín, torí ibi tó bá ti dúró ni àjà yóò ti là lọ́la. Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì kò jẹ́ kí onílàábù wọlé nítorí pé kò dé akoto, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó sábẹ́ àtíbàbà ẹ̀ṣọ́, ó to abẹ́rẹ́ àti ìgò kéékèèké síwájú, ó ní ká máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká má purọ́, kì í ṣe kọnkéré nìkan ló dá àwọn tó kù dúró. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn, tí wọ́n ń fi orí gbé símẹ́ǹtì láti àárọ̀ dalẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sá fún. Èmi nìkan ni kì í bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ojoojúmọ́ ni mo sì máa ń fọ́nnu nípa ẹ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọ̀gá sáìtì wò mí, ó ní kí n lọ fún onílàábù lẹ́jẹ̀ tèmi, kí n padà wá dé akoto ẹlòmíì, kí n tún lọ.

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo jáde lọ sí géètì yẹn. Mo dé akoto pupa, mo dé funfun, mo dé èyí tí etí ẹ̀ ti ya. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń tẹ irin, tó tóbi débi pé ó fẹ́ gbé mi lọ. Símẹ́ǹtì ti sọ gbogbo wa di àwọ̀ kan, onílàábù náà ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni, apá ló ń wò. Apá ọ̀tún, apá òsì, ó tún di apá ọ̀tún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ní iṣan ẹ̀yin èèyàn yìí mà dára o, ṣé ìlú kan náà lẹ ti wá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó rí ojú abẹ́rẹ́ lápá mi, ó ní kí lèyí. Mo ní ẹ̀fọn ni sà. Ó mi orí, ó ní ẹ̀fọn Ajah ò dáa.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ra móòtì fún mi, ìgò kan ẹnì kan. Mo mu ún tán lójú ẹsẹ̀, òòyì sì ń kọ́ mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé akọni ni mí.

Nígbà tí káàdì dé, méjèèje kà á bákan náà: AA, irú ẹ̀jẹ̀ O, kódà nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ara kò fi ẹyọ kan yàtọ̀ síra wọn. Àwòrán nìkan ni kò jọra. Inú kọngílá dùn dé èékánná. Ó ní òun ò rí irú òṣìṣẹ́ báyìí rí, ṣe ló dà bíi pé ìyá kan ló bí wa. Ọ̀gá sáìtì ní oore Ọlọ́run ni sà.

Ọ̀kan nínú àwa méje yìí ni ọ̀rẹ́ mi tó ń lẹ táìsì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó máa ń fọ ọwọ́ kó tó bọ èèyàn lọ́wọ́. Òun nìkan ló fi ọ̀rá di káàdì tiẹ̀, tó sì tọ́jú ẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì. Ó nídìí. Láwọn ọdún yẹn, kí ọmọge tó bi ọ́ pé níbo lò ń gbé ní Ajah, á ti bi ọ́ ní jẹ́notáìpù. Àwọn tó ń gbé inú ẹ́síteètì ní Lẹ́kkí Phase 1 ti mọ tiwọn láti ọ̀dọ̀ dókítà wọn. Àwa, káàdì géètì la ní. Bí wọ́n bá ti bi ọ̀rẹ́ mi, á fọ ọwọ́, á nu ún, á sì yọ káàdì jáde jẹ́jẹ́ bí ẹni fẹ́ ka Bíbélì. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu títí di ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin dé.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ẹni tó wà láàárín wa kò dàgbà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú, á máa ké egungun. Òní á dà bíi pé ó ti kú, ọ̀la á dìde, á bá wa ta ayò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àìsàn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò wa kò pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àbíkú ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi abẹ sàmì sí i lẹ́yìn. Àbúrò mi kéré púpọ̀, òun ló máa ń gbé omi gbígbóná tí a fi ń jó o lẹ́sẹ̀. Ìgbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló tó mọ̀ pé bàbá wa ní AS, ìyá wa ní AS, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Wọ́n yẹ òun náà wò, AS ni. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé òun ò ní fẹ́ ẹni tó bá ní irú ẹ̀, ìbáà jẹ́ ọba.

Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ajah, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nọ́ọ̀sì kan wá bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ nílé ìwé wọn, àbúrò mi sì gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Ó ní bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó níbikíbi nílẹ̀ wa yìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní AS, kó máa jẹ, kó máa mu, kó máà mọ̀, torí kò ní ṣe é ní nǹkankan. Àfi tó bá lọ pàdé ẹlòmíì bíi tiẹ̀. Ó ní bó ṣe wọ́pọ̀ tó yẹn ni kò fi yẹ kéèyàn máa fojú díwọ̀n.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ọ̀rẹ́ mi wá jẹun nílé wa. Àbúrò mi gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú wa, ó wo ọkùnrin náà bó ṣe lọ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bi í ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ọkùnrin. Ọ̀rẹ́ mi nu ọwọ́, ó yọ káàdì. Ojú àbúrò mi là. Egungun ẹja wà lẹ́nu mi lọ́wọ́ yẹn. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú jáde, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́fun mi.

Mo ní kí n fi sílẹ̀, pé tó bá fi máa di ọjọ́ Monday wọ́n á ti gbàgbé ara wọn. Wọn ò gbàgbé. Láàárín oṣù kan, ọ̀rẹ́ mi ti wá lẹ táìsì sí balùwẹ̀ ilé tí mo háyà, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Lánlọ́ọ̀dù ń ṣàdúrà fún mi. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí iná, ẹni tí mi ò gbọ́ orin lẹ́nu ẹ̀ rí àfi orin a-bí-dí.

Èmi wá di oníṣirò. Bí a bá jókòó jẹun ní sáìtì, màá máa kà wá lọ́kàn mi: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ẹ̀kẹrin ló ní in. Bó bá bọ́ sórí ọ̀rẹ́ mi, màá ní mo ṣì í kà, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ irin. Mo kà wá títí oúnjẹ mi fi máa ń tutù. Mo mọ̀ pé ìṣirò òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n ojo ni mí, ẹni tí kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo fi ọgbọ́n fa ọ̀rẹ́ mi sẹ́yìn àwọn páálí táìsì.

"Káàdì tó o ń gbé kiri yẹn," mo ní, "ẹ̀jẹ̀ ta ló wà níbẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé oòrùn ti pa mí. "Tèmi ni. Ṣé o ò rí àwòrán mi lára ẹ̀ ni?"

Mo rán an létí pé òkè ló wà lọ́jọ́ yẹn, tó ń gba kọnkéré. Ó ní irọ́ ni. Ó ní òun rántí dáadáa, apá òsì ni wọ́n ti gbà á, ó sì dun òun fún ọjọ́ méjì. Mo ní apá òsì ta? Apá mi ló dùn! Inú bí i. Ó bi mí bóyá mi ò fẹ́ òun ní àna ni, kí n kúkú sọ ọ́ jáde ju kí n máa bá àwòrán òun jà. Ọkùnrin yẹn kò purọ́. Ó ti gbé ẹ̀jẹ̀ mi sápò pẹ́ débi pé ó ti rántí ìrora ẹ̀. Inú bí èmi náà, mo ní ó dáa, kí kálukú máa jẹ́ AA tiẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa pè láti ilé. Àwọn ẹbí ọkọ máa wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ohun tí ojú òun rí lára ọmọ òun àárín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú àbúrò mi rí i. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ àgbà ilé, ṣé o yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn wò dáadáa?"

"Màámi," mo ní, "ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò yàtọ̀ sí tèmi."

Àdúrà tí obìnrin yẹn gbà fún mi lórí fóònù kò kéré. Mo ń ṣe àmín sí gbogbo ẹ̀. Mi ò parọ́ fún un, ohun tó sì burú jù nínú ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Thursday, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, àbúrò mi ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ sílé. Mi ò jókòó. Mo mú káàdì tèmi, mo fi lé orí aṣọ náà, mo ní kó mú èyí tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ wá. Ó tò wọ́n síra, ó wò wọ́n bí olùkọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó fi ìka tọ nọ́ńbà, ó tọ déètì, ó tún padà sórí nọ́ńbà.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló jí ìwé ta wò?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi akoto kẹta, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó ní kí n ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Mo gbé abọ́ ìfọṣọ dé orí, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ nínú pálọ̀, mo ṣe bí ẹni tó ń tẹ irin, mo ṣe bí ọ̀gá sáìtì. Nígbà tí mo dórí ẹ̀fọn Ajah, ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ẹ̀rín ti tán, omi ojú nìkan ló kù. Irin ìlọṣọ sì ti jó aṣọ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Ọ̀rẹ́ mi wọ aṣọ tó dáa jù lọ tó ní. Ó ní òun bá wa wá nítorí àlàáfíà ni, pé ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ kì í sá fún omi. Nọ́ọ̀sì ní kó ká apá aṣọ sókè. Bí abẹ́rẹ́ ṣe jáde nínú ọ̀rá ẹ̀ báyìí, ọkùnrin yẹn yọ́ wálẹ̀ lórí àga. Wọ́n bu omi sí i lójú. Nígbà tó lajú, èmi ló kọ́kọ́ wò.

"Èmi kọ́ ni mo lọ sí géètì lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

Mo ní èmi ni. Ó dijú, ó na apá fún nọ́ọ̀sì. Èmi náà na tèmi, torí àbúrò mi ní òun ò gba káàdì kankan gbọ́ mọ́, títí kan tèmi.

Nígbà tí èsì dé, tèmi ṣì jẹ́ AA. Ọ̀rẹ́ mi, AS. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun tún un kà. Ó tún un kà. Obìnrin náà ní kó má fi ṣe ohun ìtìjú, kò sí ọjọ́ tí òun kì í ka irú ẹ̀ fún ẹnìkan, ara òun náà sì ni ó wà. Ó wo àbúrò mi. Àbúrò mi ní, "Èmi náà." Nọ́ọ̀sì lọ bu omi tútù wá fún wa.

A dúró létí títì, katapílà ń kó iyanrìn lódìkejì, eruku ń bò wá. Àbúrò mi sọ fún un lójú mi, láìtijú, pé òun fẹ́ràn ẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n òun ti gbé omi gbígbóná tó láyé òun. Ọkùnrin náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, káàdì tó fi ọ̀rá dì yẹn, ó fi ẹ̀wù ara ẹ̀ nu eruku kúrò lára ẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ yín," ó ní.

Ọdún márùn-ún la ti jọ ń ṣeré, ìwọ-ìwọ la sì ń pe ara wa. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní ẹ̀yin.

Èmi ni mo pe ìyá wa. Mi ò ní sọ ohun tó sọ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi wá sí sáìtì fúnra ẹ̀, ó dé akoto, ó kó àwọn tó kù lọ sí ilé ìwòsàn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀gá sáìtì ló ṣíwájú. Nínú àwa méje, méjì ló ní AS: ọ̀rẹ́ mi, àti ẹni tó ń tẹ irin, ẹni tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò mi lọ́dọ̀ ẹ̀. Kọngílá bínú títí, ó sì lọ tẹ fọ́ọ̀mù mìíràn, èyí tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ti pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ní AA, ó ti bímọ mẹ́ta, a máa ń kí ara wa lórí fóònù nígbà ọdún. Àbúrò mi fẹ́ olùkọ́ bíi tiẹ̀. Kó tó gbà fún un, ó dúró ti onílàábù, ó ń wo ojú ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ó ń wo apá, ó tún ń wo ojú, bí ẹni pé wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀ láàárín.

Ní Kérésì tó kọjá, gbogbo ẹbí pé sílé mi, ó sì tún sọ ìtàn náà. Òun ló máa ń sọ ọ́ báyìí, ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ó gbé abọ́ dé orí, ó rìn bíi tèmi, ó ṣe ohùn onílàábù, àwọn ọmọ ẹ̀ ń yí nílẹ̀. Ìyá wa pàápàá ń nu ojú. Orí ẹ̀fọn Ajah ló máa ń parí ẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó tì mí, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ẹ̀rín ò tíì kúrò lójú ẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, kí ọkọ ẹ̀ má baà gbọ́.

"Bọ̀dá mi, ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday yẹn, báyìí náà ni ǹ bá ṣe rẹ́rìn-ín, ǹ bá sì fi ẹja kan kún ti ọ̀rẹ́ yín, kó jẹun kó máa lọ."